Ta Ni "Wọ́n"? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ìjọba, Olóṣèlú àti Oníròyìn Lórí Ìkọlù Ọkọ̀ Ojú Irin Idu

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ni ó da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ kan tí mo jókòó sí gbọ̀ngàn àwọn èrò ní ibùdókọ̀ ojú irin tí ó wà ní Idu, ní Àbújá. Mo fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé ní Kàdúná. Ọkọ̀ kò tí ì gbéra, àríyànjiyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn èrò. Bàbá kan ní Ààrẹ Jonathan ni ó la ojú irin náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó tì í ní kò rí bẹ́ẹ̀, Ààrẹ Buhari ni. Ohùn ń ròkè sí i, ọ̀rọ̀ sì fẹ́ di èébú. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà ni ó wá béèrè ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ń ṣọ́ ọ?" Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Àwọn tí ó mọ ẹni tí ó là á kò mọ ẹni tí ń ṣọ́ ọ.

Ìbéèrè ìyá yìí ni mo gbé wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, kí ni ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú? Èsì mi kò pọ̀. Èdè ni ohun èlò tí olóṣèlú fi ń ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọkọ́ ti jẹ́ ti àgbẹ̀. A ti kọ́ wa bí a ṣe ń tú ewì palẹ̀, tí a fi ń mọ ibi tí akéwì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí. Bí a bá lè ṣe èyí fún ewì, ó yẹ kí a lè ṣe é fún ọ̀rọ̀ mínísítà, ọ̀rọ̀ gómìnà àti ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà ni "wọ́n".

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí ìtàn náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, ọkọ̀ ojú irin kan gbéra ní Idu ní ìrọ̀lẹ́, ní agogo mẹ́fà, ó ń lọ sí Rigasa ní Kàdúná. Èrò tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Bí ilẹ̀ ti ṣú tán, tí ọkọ̀ dé agbègbè Katari, ohun abúgbàù tí a rì mọ́ ojú irin bú gbàù, ọkọ̀ sì yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn agbébọn yí i ká, wọ́n yìnbọn fún àwọn èrò, wọ́n sì kó èyí tí ó lé ní ọgọ́ta wọ inú igbó lọ. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́jọ ni ó kú. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tí a jí gbé ń padà wálé, àwọn kan lẹ́yìn tí ẹbí wọn ti ta ohun ìní wọn. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni àwọn mẹ́tàlélógún tí ó kẹ́yìn tó gba òmìnira. Ẹ ka oṣù rẹ̀: ó lé ní oṣù mẹ́fà.

Kì í ṣe pé àmì kò ṣáájú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ohun abúgbàù ba ojú irin yìí kan náà jẹ́. Ọkọ̀ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó tún gbéra, bí ẹni pé ẹsẹ̀ lásán ni ó kọ. Ẹni tí òjò ti pa rí kì í dúró kí ó tún pa á kí ó tó wá ibi forí pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ wa ń rìn lóru títí oṣù Kẹta fi dé.

Iṣẹ́ mẹ́ta tí "wọ́n" ń ṣe

Nínú gírámà, a kọ́ wa pé arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta ọ̀pọ̀ ni "wọ́n". Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fetí sí bí a ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yóò rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkíní, ó ń dúró fún àwọn tí a ti dárúkọ ṣáájú, bí a bá wí pé, "Àwọn ọmọ ti dé, wọ́n ti jẹun." Èkejì, ó ń dúró fún àgbà kan ṣoṣo, nítorí ọ̀wọ̀: "Bàbá ti dé, wọ́n ń sinmi." Ẹ̀kẹta ni ó kàn wá lónìí. Ó ń dúró fún ẹni tí a kò mọ̀, tàbí ẹni tí a mọ̀ dáadáa tí a kò sì fẹ́ dárúkọ. "Wọ́n ti jí ewúrẹ́ Ìyá Àgbà gbé." "Wọ́n ní kí a má wọlé." Ta ni wọ́n? Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ẹnu tí ó sọ ọ́ ti sọ ọ́, ọwọ́ tí ó ṣe é ti pa mọ́.

Èdè tí kò ní irú "wọ́n" yìí lè ṣòro láti fi gbé ayé, nítorí kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni a ń dárúkọ oníṣẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí a ti ń lò ó àti ibi tí kò yẹ. Akéde tí ó lu agogo yí ìlú ká kò jẹ́ wí pé "wọ́n ní kí ẹ má lọ sóko". Ó ń dárúkọ ẹni tí ó rán an: Kábíyèsí ni, tàbí Ìyálóde ni, tàbí baálẹ̀ ni. Ẹni tí iṣẹ́ náà kò bá tẹ́ lọ́rùn mọ ilé tí yóò gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tí ó bá ọmọ rẹ̀ nídìí àwo tí ó fọ́. Ọmọ á ní, "Àwo ti fọ́," bí ẹni pé àwo ní ẹsẹ̀ tí ó fi fò bọ́ sílẹ̀. Ìyá kò ní gbà, ìbéèrè rẹ̀ ni pé, "Ta ni ó fọ́ ọ?" Mo gbà pé nínú ìbéèrè ìyá yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ ìjíhìn wà.

"Wọ́n" lẹ́nu ìjọba

Ní ọjọ́ kejì ìkọlù náà, Mínísítà fún Ètò Ìrìnnà nígbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Rotimi Amaechi, bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé òun ti mọ̀ pé ewu wà. Pé òun ti béèrè fún ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ ojú irin náà. Pé owó rẹ̀ tó bílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Pé a kò fọwọ́ sí i. Àti pé ohun tí a pàdánù ti ju iye owó náà lọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ẹni tí inú ń bí ni ó ń sọ̀rọ̀, inú sì ń bí àwa náà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀. Ta ni kò fọwọ́ sí i? Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ ni. Ta ni ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà? Ààrẹ, Igbákejì Ààrẹ àti gbogbo mínísítà, Ọ̀gbẹ́ni Amaechi pẹ̀lú. Nítorí náà, nígbà tí ó wí fún wa pé wọn kò gbà fún òun, ìgbìmọ̀ tirẹ̀ ni ó ń pè ní "wọn". Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó jẹ́ "a kò fọwọ́ sí i" ti di "wọn kò fọwọ́ sí i". Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kékeré ti gbé ọkùnrin kan kúrò nínú ilé tí ó ń gbé, tí ó sì sọ ọ́ di àlejò tí ń dárò ní ẹnu ọ̀nà.

Kò pẹ́ ni àwọn ìwé ìròyìn kan gbé ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà jáde. Wọ́n ní ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni ìgbìmọ̀ náà kọ ìwé àbá tí ó béèrè fún bílíọ̀nù mẹ́ta ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mílíọ̀nù náírà, nítorí wọ́n wò ó pé ilé-iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún kò ní ìrírí tí ó tó. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè di méjì. Kí ni ó dé tí mínísítà fi dá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lábàá? Kí sì ni ó dé tí ìgbìmọ̀ tí ó kọ ilé-iṣẹ́ náà kò fi wá òmíràn láàárín oṣù mẹ́fà tí ó wà láàárín ìkọ̀sílẹ̀ àti ìkọlù? Ìbéèrè méjèèjì ni ó yẹ kí a bi wọ́n títí wọn yóò fi dáhùn. Dípò bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, Ọ̀gbẹ́ni Amaechi kéde ní Port Harcourt pé òun fẹ́ di Ààrẹ. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì sí ìkọlù náà. Àwọn tí a kó wọ igbó ṣì wà nínú igbó.

Gómìnà ìpínlẹ̀ Kàdúná nígbà náà, Mallam Nasir El-Rufai, náà sọ̀rọ̀. Ó ní ìjọba òun ti kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì sí Àjọ Ojú Irin Nàìjíríà pé kí ọkọ̀ má ṣe rìn lóru mọ́. Ó tún ní a mọ ibi tí àwọn agbébọn náà ń gbé, a sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórí fóònù. Níhìn-ín, "wọ́n" yí padà. Kì í ṣe ẹni tí a kò mọ̀ mọ́. A mọ̀ wọ́n, a mọ ilé wọn, a mọ ohùn wọn, síbẹ̀ wọ́n wà lómìnira. Ó yẹ kí a ṣe òdodo sí gómìnà náà: òfin orílẹ̀-èdè wa kò fi ọlọ́pàá tàbí ológun sí abẹ́ àṣẹ gómìnà. Ṣùgbọ́n àlèébù ètò ìjọba wa gan-an nìyẹn. Gómìnà ní Àbújá ni, Àbújá ní ológun ni, ológun ní owó kò tó, àjọ ojú irin ní kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn láti gbé ìbọn. Gbogbo alángbá da inú délẹ̀. Èyí tí inú ń run, ẹbí olóògbé ni ó mọ̀ ọ́n.

"Wọ́n" lẹ́nu ẹgbẹ́ òṣèlú

Òwe wa kan wí pé bí ọmọ bá dára, ti baba ni. Bí kò bá dára, ti ìyá ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ojú irin Idu sí Kàdúná. Nígbà tí ó dára, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ní in. Ìjọba Ọbásanjọ́ ni ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ ní 2006 láti sọ ojú irin Èkó sí Kánò di ọ̀tun. Nígbà ìjọba Jonathan ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀ka Àbújá sí Kàdúná ní 2011. Ààrẹ Buhari ni ó ṣí i ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2016. Ilé-iṣẹ́ CCECC ti orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni ó ṣe é, gígùn rẹ̀ lé ní ọgọ́sàn-án kìlómítà, owó tí a yá lọ́wọ́ báńkì Exim ti Ṣáínà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ń jà sí oyè lílà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ kan tí ń jà sí gbèsè rẹ̀. Gbèsè kò ní "èmi", gbèsè kò ní "wọ́n". "Àwa" ni ó ni gbèsè.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ta sí i, ọmọ náà di aláìníbaba. Ẹgbẹ́ PDP ní ìjọba APC ni ó kùnà. Àwọn alátìlẹyìn APC ní àwọn ọ̀tá ni ó fẹ́ ba ìjọba lójú jẹ́ kí ìdìbò ọdún 2023 tó dé. Èyí tí ó dùn mí jù ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀dọ́bìnrin kan, oníṣègùn eyín, kọ ọ́ sí Twitter láti inú ọkọ̀ pé òun wà nínú rẹ̀, ìbọn ti ba òun, kí àwọn ènìyàn gbàdúrà fún òun. Àwọn kan gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn pè é ní òpùrọ́; wọ́n ní alátakò ìjọba ni, wọ́n ní ó ń tan irọ́ kálẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi jáde ayé. Òtítọ́ ni ó sọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe pé àwọn tí ó bú u jẹ́ òkúta. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìyá àti àbúrò tí wọ́n fẹ́ràn. Ẹgbẹ́ ni ó kọ́ wọn pé kí wọ́n tó béèrè bóyá ọ̀rọ̀ jẹ́ òtítọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé ẹgbẹ́ wo ni yóò bà jẹ́. Nígbà tí a bá ti sọ ara wa di "àwa" àti "wọ́n" báyìí, ẹni tí ń kú lọ lójú wa kò jẹ́ ènìyàn mọ́. Ó ti di ọ̀kan nínú "wọ́n". Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Kò sí ẹni tí ó lè ṣa ọ̀rọ̀ òru ọjọ́ náà jọ mọ́.

"Wọ́n" lọ́wọ́ oníròyìn

Ibi tí ojú mi wà jù lọ nìyí, nítorí iṣẹ́ oníròyìn ni láti gba ìbéèrè ìyá Idu, kí ó sì lọ bá wa wá èsì rẹ̀. Kì í ṣe èrò tèmi nìkan. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní abala 22, wí pé kí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní òmìnira nígbà gbogbo láti rí i pé ìjọba jíhìn iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Ní ọdún 2011, Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ó fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìjọba kí a sì fi hàn án. Ohun èlò wà lọ́wọ́ oníròyìn.

Àwọn kan lò ó dáadáa. Àwọn tí ó wá ìwé àbá tí ìgbìmọ̀ kọ̀ kàn, tí wọ́n fi ọjọ́ rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ hàn wá, iṣẹ́ oníròyìn ni wọ́n ṣe. Wọ́n fi orúkọ rọ́pò "wọ́n". Àgbà òṣìkà ni ẹni tí ó gbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. Àwọn wọ̀nyí kò fi ẹjọ́ mínísítà nìkan sílẹ̀ fún wa.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iye àwọn tí ó kú, iye àwọn tí a jí gbé àti iye àwọn tí a kò rí ń yí padà láti inú ìwé ìròyìn kan dé òmíràn, nígbà mìíràn láìsọ ẹni tí ó kà wọ́n. "A gbọ́ pé." "Ẹnìkan tí kò fẹ́ kí a dárúkọ òun ní." Mo mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí oníròyìn gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹni tí ó fún un ní ọ̀rọ̀, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu òṣìṣẹ́ tí ó mọ òtítọ́ yóò dí pa. Ṣùgbọ́n ààbò yàtọ̀ sí ọ̀lẹ. Ẹbí tí ń wá ọmọ rẹ̀ nínú àwọn iye náà kò yẹ ní ẹni tí a ń fi "a gbọ́ pé" dá lóhùn.

Ẹ wo orúkọ tí a fún àwọn apànìyàn náà pẹ̀lú. Nínú ìròyìn Yorùbá, "agbébọn" ni a sábà ń pè wọ́n. Àwọn kan ní "jàǹdùkú". Àwọn kan ní "ajínigbé". Àwọn díẹ̀ ní "afẹ̀míṣòfò". Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọmọ ìta tí ń gba owó ní ìdíkọ̀ ni a mọ̀ sí jàǹdùkú. Bí a bá pe ẹni tí ó ri ohun abúgbàù mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ní jàǹdùkú, a ti dín ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kù, a sì ti dín ojúṣe ìjọba kù pẹ̀lú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ti pe irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní afẹ̀míṣòfò. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olóòtú ìròyìn kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ọ̀rọ̀ tí a bá yàn ni yóò sọ irú ìbéèrè tí a óò bi ìjọba.

Bí mo ti ń bá oníròyìn wí, n kò gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀pá tí ó wà lórí wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, nígbà tí àwọn èrò Idu kan ṣì wà nínú igbó, NBC, àjọ tí ń ṣe àkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún náírà lé Trust TV lórí, nítorí ètò kan tí ó fi ṣe ìwádìí ìtàn àwọn agbébọn. Àjọ náà ní irú ètò bẹ́ẹ̀ ń gbé afẹ̀míṣòfò níyì. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣófo pátápátá. Fífi ẹ̀rọ ayàwòrán sí iwájú apànìyàn lè sọ ọ́ di akọni lójú ọmọdé, ó sì lè gún ẹbí olóògbé ní ọgbẹ́. Ní oṣù Keje ọdún náà ni àwọn agbébọn fi àwòrán bí wọ́n ti ń na àwọn èrò ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Ẹni tí ó tún un gbé jáde láìbo ojú àwọn tí ìyà ń jẹ, iṣẹ́ agbébọn ni ó bá wọn jẹ́. Èèwọ̀ oníròyìn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ni ó yẹ kí ó dá ẹjọ́ èèwọ̀ náà? Bí ó bá jẹ́ ìjọba tí a ń béèrè ìjíhìn lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó tún di adájọ́ ẹni tí ń béèrè, a ti fi ẹran sí àkàtà lọ́wọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Adájọ́ James Omotosho ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́, nínú ẹjọ́ mìíràn tí ó jẹ mọ́ owó ìtanràn ọdún 2019, pé NBC kò ní àṣẹ láti bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lórí. Ìdájọ́ náà tọ́ lójú mi.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí wa nílẹ̀ Yorùbá. Abẹ́òkúta ni *Ìwé Ìròyìn* ti bẹ̀rẹ̀ ní 1859. Ìwé ìròyìn *Tribune* tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949 àti *Daily Sketch* tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1964 nígbà Olóyè Akíntọ́lá ń wo ìlú kan náà pẹ̀lú ojú méjì. Òfin kẹrin ti ìjọba ológun ní 1984 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti kọ ohun tí ó lè dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn *The Guardian* lọ sí ẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Ìtàn yìí kọ́ wa pé ọ̀nà méjì ni a fi ń pa oníròyìn lẹ́nu mọ́: ẹgbẹ́ lè fi oúnjẹ dí i lẹ́nu, ìjọba sì lè fi ìbẹ̀rù dí i lẹ́nu. Nínú méjèèjì, "wọ́n" ni yóò máa jọba nínú ìròyìn rẹ̀.

Ẹni tí ó wí pé "èmi ni"

Àwọn kan yóò wí pé kò sí ohun tí ó lè yí ìwà yìí padà, pé bí ìjọba ti rí nìyẹn. N kò gbà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ọkọ̀ ojú irin kan tí ó gbéra láti Àbújá lọ sí Kàdúná tún yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ní Asham. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni kò kú. Ọ̀gá àgbà Àjọ Ojú Irin Nàìjíríà, Ọ̀gbẹ́ni Kayọ̀dé Opeifa, jáde, ó tọrọ àforíjì, ó sì wí pé ọrùn òun ni ẹ̀bi náà wà. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Kí ló dé tí ó fi yà wá lẹ́nu? Nítorí etí wa ti di sí "wọ́n", "èmi" wá dà bí èdè àjèjì.

N kò wí pé "èmi" nìkan tó. Ẹni tí ó bá wí pé òun ni ó jẹ̀bi, tí kò sì tún nǹkan ṣe, ọ̀rọ̀ dídùn lásán ni ó sọ. Ṣùgbọ́n láìsí "èmi", a kò mọ ẹni tí a óò dì mú bí àtúnṣe kò bá dé. "Èmi" ni ìbẹ̀rẹ̀ ìjíhìn, bí ilẹ̀kùn ti jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ilé.

Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí ọkọ̀ Idu tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 2022, òfin tuntun kan wà: ẹni tí ó bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ wá. Èmi náà mú tèmi wá ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí. N kò lòdì sí òfin náà. Ṣùgbọ́n mo jókòó sí gbọ̀ngàn náà, mo ń rò ó pé èrò tí ó san owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ orúkọ kí ó tó wọ ọkọ̀. Àwọn tí a fi ọkọ̀ náà ṣọ́, tí wọ́n sùn, kò sọ orúkọ tiwọn títí di òní.

Kí ni iṣẹ́ tiwa? Olùkọ́ ni a óò jẹ́. Nígbà tí a bá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní ilé-ìwé fún ìdánwò iṣẹ́ olùkọ́ni, ẹ jẹ́ kí a mú ìwé ìròyìn kan wọ kíláàsì. Kí a ní kí àwọn ọmọ fa ìlà sí abẹ́ gbogbo "wọ́n", "a gbọ́ pé" àti "àwo ti fọ́" tí ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a ní kí wọ́n fi orúkọ rọ́pò èyí tí wọ́n bá lè rọ́pò, kí wọ́n sì kọ ìbéèrè sí iwájú èyí tí wọn kò bá lè rọ́pò. Ẹ̀kọ́ gírámà ni; kò sí ọ̀gá ilé-ìwé tí yóò wí pé ìṣèlú ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti mọ̀ ọ́n, olóṣèlú kankan kò ní rí i fi "wọ́n" tàn jẹ mọ́ nígbà tí ó bá dàgbà. Kí a sì bẹ̀rẹ̀ lára ara wa: kí a má ṣe fi ìròyìn kan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láìmọ ẹni tí ó sọ ọ́, kí a má sì ṣe pe ẹni tí ń ké "ẹ gbà mí" ní òpùrọ́ kí a tó béèrè ẹgbẹ́ tí ó wà.

Ọkọ̀ gbé wa dé Rigasa láyọ̀ ní ọjọ́ náà. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, mo bá ìyá náà gbé báàgì rẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi, ó sì kọjá lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wá pàdé rẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ fún mi, mo sì fi í sílẹ̀ fún yín: ta ni ń ṣọ́ ọ? Ẹni tí ó bá fẹ́ dá wa lóhùn, kí ó má ṣe wí pé "wọ́n".